Igi Onípákó Yẹ́lò Mẹ́rin: Èwo Ni Kí Ẹ Gbìn Sítòsí Ilé, Èwo Ni Kí Ẹ Gbìn Sí Ààlà Oko?

 

Bí ẹ bá kọ "yellowwood" sí Google lórí fóònù yín, igi àjèjì méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú. Ọ̀kan wà ní Gúúsù Áfíríkà, Podocarpus latifolius lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, òun sì ni igi tí orílẹ̀-èdè náà mú ṣe àmì ara wọn. Èkejì wà ní Amẹ́ríkà, Cladrastis kentukea. Iwájú ilé làwọn ará ibẹ̀ ń gbin èyí sí nítorí òdòdó funfun rẹ̀ tó máa ń so jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ wálẹ̀ láti orí ẹ̀ka. Igi gidi ni àwọn méjèèjì nílẹ̀ wọn. Àmọ́ ti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ ló ti mọ́ ọn lára. Ti Gúúsù Áfíríkà náà, igi tí kì í yára dàgbà ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá polówó irúgbìn "yellowwood" fún yín lórí Facebook, ẹ fi owó yín sápò ná.

Ìdí ni pé àwa náà ní tiwa. Ó kéré tán, igi mẹ́rin wà nínú igbó àti oko wa tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi àdá há ara wọn, àwọ̀ tó máa yọ jáde á dà bíi pupa ẹyin tàbí ata ilẹ̀ pupa. Awọ́pa, òpèpé, orúwọ àti orin ata ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ yín ló ní ọ̀kan nínú wọn lóko láìbìkítà fún un. Ọ̀pọ̀ sì ti pa á láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀, ibi tó yẹ kí ẹ gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, bí ẹ ṣe máa jèrè lára wọn láìpa wọ́n, àti ohun tó yẹ kí ẹ yanjú lórí ilẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ kòtò kankan.

BÍ Ẹ ṢE MÁA DÁ WỌN MỌ̀

Àwọ̀ yẹ́lò nìkan ò tó láti fi mọ igi, torí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní in. Ewé, èso àti ara igi ni kí ẹ wò.

• Awọ́pa: ewé rẹ̀ kì í dojú kọ ara wọn lórí ẹ̀ka, bí ọ̀kan bá wà lápá ọ̀tún, èyí tó tẹ̀lé e á wà lápá òsì. Ìtì rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Èso rẹ̀ máa ń so ní ìdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igi tirẹ̀ tó fi rọ̀, ó sì máa ń dúdú bó bá pọ́n. Hóró kan ṣoṣo ló wà nínú èso kọ̀ọ̀kan.

• Òpèpé: ewé rẹ̀ ń dojú kọ ara wọn ní méjì méjì, ó fẹ̀, ó sì ń dán. Èso rẹ̀ rí roboto bíi bọ́ọ̀lù kékeré, ara rẹ̀ sì rí hágahàga. Hóró inú rẹ̀ kéré gan-an, bí iyanrìn ló rí.

• Orúwọ: ewé rẹ̀ náà ń dojú kọ ara wọn, àmọ́ igi rẹ̀ kò ga tó òpèpé, ó sì sábà máa ń wọ́. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó ń ta sánsán. Èso rẹ̀ kéré, ó ṣe kókókó bíi pé wọ́n lẹ hóró púpọ̀ pọ̀ mọ́ra.

• Orin ata: ẹ̀gún wà lára ìtì àti ẹ̀ka rẹ̀. Ewé wẹ́wẹ́ púpọ̀ ló wà lórí ọ̀pá ewé kan. Bí ẹ bá fọwọ́ ra ewé náà, òórùn rẹ̀ á jọ ti ewé ọsàn, torí pé ẹbí ọsàn ni.

1. AWỌ́PA: IGI TÍ ÈÈPO RẸ̀ Ń PA Á

Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní dókítà igbó. Àwọn mìíràn ń pè é ní òsopupa. Nínú ìwé àtijọ́, ẹ máa rí i bí Enantia chlorantha. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń lò báyìí ni Annickia chlorantha. Igi igbó òjò ni. Láti gúúsù Nàìjíríà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù dé ilẹ̀ Kóńgò. Ó lè ga tó 30 mítà nínú igbó, àmọ́ ara rẹ̀ kì í sanra tó ti àwọn igi gẹdú ńlá.

Ohun tó mú kó dára fún ọgbà ni pé ibòòji kì í dà á láàmú. Abẹ́ igi ńlá ló ti ń dàgbà nínú igbó. Bí ẹ bá ní oko kòkó tàbí àgbàlá tí igi ti bò, tí ẹ ń wá igi tí kò ní bá èyí tó wà níbẹ̀ jà fún oòrùn, awọ́pa ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Àmọ́ ilẹ̀ gbígbẹ kò bá a lára mu. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀yọ́ òkè, Kwara àti Kogi níbi tí ọ̀dàn ti gba ilẹ̀, ẹ fò ó, kí ẹ lọ sórí orúwọ.

Wàhálà awọ́pa ni èèpo rẹ̀. Èèpo yìí ni wọ́n ń tà lọ́jà lẹ́kùn-ún egbòogi fún àgbo ibà àti ibà pọ́njú. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ti rí èròjà palmatine, jatrorrhizine àti columbamine nínú rẹ̀. Irú àwọn èròjà wọ̀nyí ló fún un ní àwọ̀ yẹ́lò àti ìkorò rẹ̀. Torí náà, èèpo yìí ní ọjà, ọjà náà kì í sì í tán.

Ẹ ti mọ bó ṣe ń rí. Oníṣòwò èèpo á wọ oko lọ́jọ́ kan, á kí yín dáadáa, á ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bó èèpo dókítà igbó yẹn, n ó fún yín lówó ọbẹ̀." Ẹ ó ní kó máa bó o. Á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi, á bó o yíká dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, á dì í sínú àpò, ó di ọ̀nà. Owó ọbẹ̀ náà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Igi tó gba ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dàgbà á bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ láti orí.

Kí ló pa á? Oúnjẹ tí ewé fi oòrùn sè, abẹ́ èèpo ló ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Bí ẹ bá bó èèpo yíká ìtì, ẹ ti dí ọ̀nà oúnjẹ náà pa. Ewé á ṣì tutù fún ìgbà díẹ̀, torí pé inú igi ni omi ń gbà gòkè. Èyí ló ń tan ènìyàn jẹ tí yóò fi ní igi náà kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ebi ti ń pa gbòǹgbò nísàlẹ̀. Bí gbòǹgbò bá kú, orí igi á tẹ̀lé e.

Bí ẹ bá fẹ́ ta èèpo kí igi sì wà láàyè, ẹ tẹ̀lé òfin márùn-ún yìí:

• Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni bó igi tí ìtì rẹ̀ kò tíì sanra. Bí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yín bá ṣì lè ká a, ọmọdé ni.
• Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí wọ́n bó, kí ó má fẹ̀ ju ìdá mẹ́rin àyíká ìtì lọ. Gígùn rẹ̀ lè pọ̀ díẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ pọ̀.
• Kí àdá má wọ inú pákó. Kí wọ́n fi ẹnu àdá là á lóòró, kí wọ́n wá fà á yọ.
• Kí ojú ọgbẹ́ náà tó bò, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ padà sídìí igi náà. Bó bá wá tó àkókò, ẹ̀gbẹ́ kejì tó dojú kọ ti àkọ́kọ́ ni kí wọ́n lọ.
• Bí ẹ bá gé ẹ̀ka, tàbí bí atẹ́gùn bá wó igi kan, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bó gbogbo èèpo. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ dúró tì wọ́n. Ẹni tó ń ra èèpo kò ní oko lọ́la níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní in.

Láti gbìn ín: ẹ ṣa èso dúdú tó pọ́n, ẹ fọ ara èso kúrò, kí ẹ sì gbin hóró rẹ̀ ní tútù. Ẹ má sá a sóòrùn bí ẹ ti ń sá àgbàdo. Ọ̀nà mìíràn tó rọrùn ni kí ẹ wo abẹ́ ìyá igi nígbà òjò, ẹ máa rí ọmọ rẹ̀ tó ti hù. Ẹ fi ọkọ́ yọ ọ́ pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá nọ́sìrì, ẹ sì gbé e síbòòji títí yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀.

2. ÒPÈPÉ: ÒKÈÈRÈ LA TI Ń WÒ Ó

Nauclea diderrichii ni èyí. Ní Gánà, kusia ni wọ́n ń pè é. Lọ́jà gẹdú àwọn tó ń sọ Faransé, ẹ máa gbọ́ badi tàbí bilinga. Igi gẹdú gidi ni. Pákó rẹ̀ yẹ́lò tó fẹ́ jọ àwọ̀ ọsàn, ó le, ìdin inú omi òkun pàápàá kì í tètè rí i jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó fún òpó èbúté, afárá, igi abẹ́ ojú irin reluwé àti férémù ilẹ̀kùn.

Ó lè ga tó 40 mítà. Torí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: òpèpé kì í ṣe igi iwájú ilé. Ẹ máa rí ọmọ rẹ̀ ní nọ́sìrì, ewé rẹ̀ á ń dán, á wù yín láti gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Igi gànrangànran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó kéré tán, 20 mítà ni kó fi jìnnà sí ilé, kànga, wáyà iná àti ṣọ́lẹ̀ ìgbẹ́. Bí àyè yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má gbìn ín sílé rárá. Ààlà oko ni ilé rẹ̀.

Òpèpé ò fẹ́ ibòòji. Oòrùn ló ń jẹ. Bí ẹ bá gbìn ín sábẹ́ kòkó, á kàn máa wò yín ni. Àmọ́ bí ojú sánmà bá là lórí rẹ̀, á yára gòkè, á sì máa gbọn àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ dànù fúnra rẹ̀.

Ó bá oúnjẹ oko lọ dáadáa ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ní Sapoba, ní Ìpínlẹ̀ Edo, ṣáájú òmìnira, àwọn ẹ̀ka ìgbó ìjọba ti lo ètò tí wọ́n ń pè ní taungya, orúkọ tó wá láti ilẹ̀ Burma, láti fi gbin irú igi bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí àgbẹ̀ dá iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sáàárín ọmọ gẹdú. Bí àgbẹ̀ ti ń ro oko rẹ̀ ló ń ro ti igi náà. Bí igi bá ti ga tó láti bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á ṣí lọ síwájú. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ tiyín láìsí pé ẹ ń ṣí lọ: ẹ gbin òpèpé sí ààlà, kí ẹ máa dá oko yín láàárín.

Láti gbìn ín: ẹ jẹ́ kí èso tó jábọ́ rà díẹ̀ nínú ike, ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi, ẹ fi asẹ́ sẹ́ hóró rẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó má bàa so pọ̀ sójú kan, kí ẹ wá fọ́n ọn sórí erùpẹ̀ kíkúnná. Ẹ má rì í sínú ilẹ̀; ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i. Ẹ má da omi lé e látinú garawa, torí á gbé hóró lọ. Ẹ fi ike oníhò wẹ́wẹ́ wọ́n ọn. Omi àpọ̀jù máa ń jẹ́ kí ìdí ọmọ igi rà, torí náà ẹ jẹ́ kí ojú ilẹ̀ fẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó tún bomi rin ín.

Kòkòrò kan wà tó máa ń lu orí ọmọ òpèpé, tí orí náà á kú, tí igi á wá yọ orí méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ gé ibi tó kú, ẹ fi orí kan ṣoṣo tó tọ́ jù sílẹ̀, kí ẹ gé ìyókù. Igi olórí mẹ́ta kì í di pákó gidi.

3. ORÚWỌ: IGI ÀGBÀLÁ ÀTI Ọ̀PÁ IṢU

Bó bá jẹ́ pé igi kan ṣoṣo lẹ fẹ́ mú nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí. Morinda lucida ni. Àwọn tó ń sọ Twi ní Gánà ń pè é ní konkroma. Kì í ga jù, 15 mítà tàbí kó lé díẹ̀. Ó wà nínú igbó, ó wà nínú ilẹ̀ tó ti ṣá, ó wà ní ẹ̀bá ọ̀dàn. Bí iná bá jó o, á tún rúwé láti ìdí.

Ìwúlò rẹ̀ tó ga jù fún àgbẹ̀ ni pé bí ẹ bá gé e, á tún yọ. Ẹ gé e sí ìwọ̀n orúnkún tàbí ìbàdí nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá tuntun púpọ̀ á yọ lára kùkùté. Ẹ yọ èyí tí kò dára, ẹ fi mẹ́rin tàbí márùn-ún tó tọ́ sílẹ̀. Bó bá ti tó ọdún méjì sí mẹ́ta, ẹ ti ní ọ̀pá iṣu. Èyí tó bá wọ́, ẹ fi dáná. Àgbẹ̀ tó ní orúwọ ogójì ní ààlà oko kò ní máa rìn wọ igbó olóko torí ọ̀pá iṣu.

Èèpo gbòǹgbò rẹ̀ àti igi rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa aṣọ láró yẹ́lò àti pupa. Bí aláró kan bá wà ládùúgbò yín, ẹ bi í léèrè.

Ní àgbàlá, ẹ fún un ní 5 mítà sí ògiri. Ẹ máa gé orí rẹ̀ kó má ga ju òrùlé lọ, ibòòji rẹ̀ á sì tó láti jókòó sí lọ́sàn-án. Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀: èso rẹ̀ máa ń jábọ́, ó sì máa ń dọ̀tí ilẹ̀. Ẹ má gbìn ín sórí ibi tí ẹ ti ń sá gàrí tàbí kòkó.

Ó ṣeé fi hóró gbìn, ó sì ṣeé fi ẹ̀ka gbìn. Ẹ gé ẹ̀ka tó nípọn bí àtàǹpàkò, gígùn rẹ̀ bí igbọ̀nwọ́ kan. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí ẹ má bàa dorí rẹ̀ kodò. Ẹ rì í dé ìdajì nínú erùpẹ̀ tó tutù, ẹ fi sí ibòòji.

4. ORIN ATA: ỌGBÀ TÍ EWÚRẸ́ Ń BẸ̀RÙ

Zanthoxylum zanthoxyloides ni orúkọ rẹ̀ lédè àwọn onímọ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ló wà nínú Zanthoxylum, ìtumọ̀ wọn sì ni "igi yẹ́lò". Gbòǹgbò rẹ̀ ni orin tí ẹ mọ̀ lọ́jà, tó máa ń ta lẹ́nu títí ahọ́n á fi kú díẹ̀. Ní ọdún 1971, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà, Sofowora àti Isaacs, kọ̀wé jáde pé omi gbòǹgbò rẹ̀ ń yí ìrísí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde padà sí bó ṣe yẹ. Inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe inú ara ènìyàn. Ẹ má torí rẹ̀ dá oògùn dókítà ọmọ yín dúró.

Fún ọgbà, ẹ̀gún rẹ̀ ni èrè. Bí ẹ bá gbìn ín ní mítà kan sí ara wọn, tí ẹ ń gé orí rẹ̀ kó lè fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á di ọgbà ààyè tí ewúrẹ́ ò ní gbìyànjú láti là kọjá. Àmọ́ ẹ̀gún tó ń gún ewúrẹ́ ń gún ọmọdé náà. Ẹ má gbìn ín sẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé-ìwé.

Nǹkan méjì mìíràn. Èkíní, hóró rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hù dáadáa, torí náà ẹ gbin ju iye tí ẹ nílò lọ dáadáa. Èkejì, ìdin labalábá tó ń jẹ ewé ọsàn ń jẹ ewé tirẹ̀ náà. Bí ẹ bá ní nọ́sìrì ọsàn, ẹ má kó wọn pọ̀ sójú kan.

Bó bá dọ̀rọ̀ wíwa gbòǹgbò fún orin, òfin awọ́pa náà ni: ẹ̀gbẹ́ kan, gbòǹgbò kan tàbí méjì, kí ẹ dá erùpẹ̀ padà. Ẹni tó bá hú gbogbo ìdí rẹ̀ ti pa ọgbà ara rẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ GBÌN: TA LÓ NI ILẸ̀?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń pàdánù. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó yá ilẹ̀ lè dá àgbàdo, ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu. Àmọ́ bó bá gbin igi tó ń pẹ́, bíi kòkó, ọ̀pẹ tàbí gẹdú, onílẹ̀ á rí i bíi pé ó fẹ́ gba ilẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkóso gómìnà, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ lóko, ẹbí onílẹ̀ lẹ ṣì ń bá sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ń san ìṣákọ́lẹ̀, ẹ lọ bá bàbá onílẹ̀ kí ẹ tó gbin igi kan. Ẹ mú ẹlẹ́rìí dání. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: iye igi, irú igi, ta ló máa ni pákó bó bá gbó, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí igi bí ẹ bá kúrò lórí ilẹ̀ tàbí bí ẹnì kan nínú yín bá kú. Bí ẹ bá pín in sí méjì, ẹ kọ ọ́ pé méjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu dùn nígbà tí igi ṣì kéré. Bó bá di gẹdú, ọmọ ẹni tó sọ ọ́ á ní òun ò gbọ́.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ tiyín, ẹ gbin igi náà ní mítà méjì tàbí mẹ́ta wọ inú ààlà tiyín. Ẹ má gbìn ín sórí ìlà ààlà gan-an, níbi tí pèrègún wà. Igi máa ń sanra, ìjà ààlà sì máa ń bá a sanra.

Ẹ tún ya fọ́tò igi yín nígbà tí ẹ gbìn ín, kí ẹ sì tan GPS fóònù kí ibi tó wà lè hàn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ máa nílò ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìgbó kí ẹ tó gé gẹdú bí òpèpé. Fọ́tò náà á jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ gbìn ín, pé ẹ ò jí i gé nínú igbó ọba.

ÉÉKÀ KAN: IGI MÉLÒÓ LÓ GBÀ?

Éékà kan tó 4,047 mítà lórí ìlọ́po méjì. Bí ó bá ní igun mẹ́rin tó dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á tó 64 mítà. Oòrùn ń là láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, torí náà igi gíga tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yìí ló máa da ibòòji bo oúnjẹ oko láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ fi àwọn gíga sí àríwá àti gúúsù.

• Ààlà àríwá àti gúúsù: òpèpé ní mítà márùn-ún márùn-ún. Nǹkan bíi 13 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 26 lápapọ̀.
• Ààlà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn: orúwọ tí ẹ ó máa gé, ní mítà mẹ́ta mẹ́ta. Nǹkan bíi 21 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 42 lápapọ̀.
• Ẹ̀gbẹ́ tí ewúrẹ́ ń gbà wọlé: orin ata ní mítà kan kan.
• Abẹ́ kòkó tàbí ẹ̀bá odò: awọ́pa díẹ̀.

Ẹ wo bí owó rẹ̀ ṣe máa tò. Ọ̀pá iṣu àti igi ìdáná ló máa kọ́kọ́ dé, láàárín ọdún mélòó kan. Èèpo á tẹ̀lé e lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Pákó òpèpé ló kẹ́yìn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ yín ló máa tà á. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ fi owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó ajílẹ̀ àgbàdo ra ọmọ gẹdú. Hóró tí ẹ ṣà fúnra yín àti ọ̀rá omi tí ẹ fọ̀ ti tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ san owó ńlá fún "oko gẹdú" tí yóò sọ yín di olówó lọ́dún márùn-ún, ẹ sá fún un.

BÍ Ẹ ṢE MÁA GBÌN ÍN

1. Ẹ tọ́jú ọmọ igi nínú ọ̀rá títí yóò fi ga tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, ẹ dín ibòòji rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè mọ́ ọn lára. Ẹ má ṣe èyí fún awọ́pa.
2. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, kó fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ya erùpẹ̀ òkè sọ́tọ̀.
3. Ẹ po erùpẹ̀ òkè mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa. Èyí tó ṣì gbóná á jó gbòǹgbò.
4. Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ gbìn ín nírọ̀lẹ́. Ẹ ya ọ̀rá náà kúrò. Ẹ má gbin igi pẹ̀lú ọ̀rá.
5. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀, àmọ́ kí koríko má kan ìtì, kí ikán má bàa ráyè.
6. Ẹ ro ìdí rẹ̀ fún ọdún méjì. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ la ọ̀nà iná yíká: ilẹ̀ tí ẹ ro mọ́, tó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta. Iná ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo lè kó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lọ.

Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ÀGBO

Mẹ́ta nínú igi wọ̀nyí ni ẹ máa ń bá nínú àgbo, ẹ sì lè ti máa mu ún nílé. Ẹ jọ̀ọ́, bí ibà bá mú ọmọdé tàbí aboyún, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ibà ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín. Kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ ìwọ̀n èròjà tó wà nínú ife àgbo kan. Igi yìí wúlò fún yín lóko àti lọ́jà. Ẹ má fi rọ́pò dókítà.

IṢẸ́ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ

Ẹ rìn yíká oko yín pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ẹ wá awọ́pa, òpèpé, orúwọ àti orin ata. Ẹ ya fọ́tò ewé, èso àti ìtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye tí ẹ rí sílẹ̀. Bí ẹ bá rí awọ́pa tí wọ́n ti bó lápá kan, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ilé pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ẹ bá wà nítòsí Ìbàdàn, ẹ lè bèèrè nípa ọmọ igi ní Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Ìgbó ti Nàìjíríà tó wà ní Jẹ́ríkò. Ẹ̀yin tó jìnnà, ẹ bèèrè ní ẹ̀ka ìgbó ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Bí ẹ kò bá dá igi kan mọ̀, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nínú áàpù yìí. Ẹ fi ewé àti èso rẹ̀ hàn, kì í ṣe ìtì nìkan.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ yín jókòó síbòòji igi tí ẹ gbìn.